Pèrègún fún Ààlà Inú Kọ̀ǹpútà

Ẹmùré-Ilé,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, 1999.

Ignatius Láníyì ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé omi ń yọ nílé tí ò ń gbé n'Íbàdàn? Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ìjì òjò àkọ́rọ̀ ṣí òrùlé wa níjẹta ni yóò máa bo ìwọ náà lórí. Àmín.

Àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Monica àbúrò rẹ ti bí ọkùnrin, orí ọmọ náà rí gbàǹgbà bíi ti bàbá yín. Ewúrẹ́ tí o rà fún mi ti jẹ apá kan ìró tí mo fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n mo ti dárí jì í.

Àbúdùlàhí awakọ̀ fún mi ní lẹ́tà rẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á, torí ìwé tí wọ́n kọ́ mi nílé ẹ̀kọ́ àgbà kò dé ibi tí kọ̀ǹpútà wà. O ní o ò ní lè wálé ọdún Àjíǹde, pé o fẹ́ pín inú kọ̀ǹpútà rẹ sí méjì, pé ètò kan tí o fi wé ọ̀gá ti ń pàṣẹ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, o fẹ́ mú ọ̀gá tuntun wọlé, o ò sì ní lé ti àtijọ́. Ìyẹn dùn mọ́ mi, kò yẹ kí á tìtorí àlejò lé onílé. O ní bí o bá ti tàn án, á bi ọ́ pé ọ̀dọ̀ ta lò ń lọ, á ka ọgbọ̀n, bí o ò bá fèsì, ọ̀dọ̀ tuntun ló máa mú ọ lọ. Háà! Bí o bá wà lọ́dọ̀ ọ̀kan, kí ni èkejì ń ṣe? Ṣé ó ń sùn ni, àbí ó ń gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ? O tún ní tuntun lè rí ẹrù ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ kò lè rí ti tuntun. Èyí ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó dé lánàá ń tú ẹrù àgbà wò, àgbà ò sì gbọdọ̀ yọjú sí yàrá tiẹ̀? Bá a wí.

Ibi tí àyà mi ti já ni ibi tí o ní bí èèyàn bá ṣì í pín, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ lè pa rẹ́. Láníyì! Ṣebí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bàbá yín wà, èyí tí wọ́n sọ nípa oko kòkó wa nígbà tí mo gbé wọn wá gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ rẹ, tí ò ń tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ti ń sọ ọ́?

Kíá ni mo gbé lẹ́tà náà lọ bá Bàbá Olúgbádé, olórí ẹbí wa tó ń pín ilẹ̀. Wọ́n ní ẹnì kan kì í dá ilẹ̀ pín, kí o pe ẹlẹ́rìí méjì, kí o fi ẹsẹ̀ wọn inú kọ̀ǹpútà náà, kí o sì gbin pèrègún sí ààlà, kí tuntun má baà ní òun ò mọ ibi tí ti òun parí sí. Wọ́n gé mẹ́ta fún ọ láti ààlà oko bàbá yín gan-an. Mo fi àpò tútù wé e, ó wà lọ́wọ́ Àbúdùlàhí. Bí ibẹ̀ bá há, gé e kúrú. Má bomi púpọ̀ sí i, mo mọ̀ pé iná ni kọ̀ǹpútà ń lò.

Ṣùgbọ́n kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, jọ̀ọ́, kọ́kọ́ tẹ ọ̀rọ̀ bàbá yín sórí bébà fún mi. Bí o bá sì ti pín in kí lẹ́tà yìí tó dé, yára fèsì kó tó ka ọgbọ̀n pé, wọlé tọ ti àtijọ́ lọ, kí o bi í bóyá ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe nítorí oko o, gbogbo ẹbí mọ ààlà oko. Lọ́jọ́ yẹn, mo ń já ẹ̀fọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo gbọ́ tí wọ́n ní kí o kọ ọ́ síbẹ̀ pé Veronica ló gbin obì mẹ́rin tó wà létí odò, kí ẹnikẹ́ni má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi jẹ́ aya wọn, wọn kò pe orúkọ mi rí, Ìyá Ignatius ni wọ́n ń pè mí. Mi ò yọjú, kí wọ́n má baà mọ̀ pé mo gbọ́, wọ́n sì kú láìtún un pè. Àárò ìpè yẹn ń sọ mí, ọmọ mi.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún ìkómọ ọmọ Monica, kí o sì fi owó ìró tí ewúrẹ́ rẹ jẹ kún un. Ọ̀gá méjèèjì inú kọ̀ǹpútà yóò máa gbọ́ tìrẹ, ìwọ náà yóò sì rí ọmọ tí yóò máa gbọ́ tìrẹ. Bí bébà bá wọ́n n'Íbàdàn, má wulẹ̀ tẹ gbogbo rẹ̀. Ìlà tí orúkọ mi wà yẹn ti tó.

Èmi ni ìyá rẹ,
Veronica.