Ìlà Baba Etí

Ọjọ́rú, 3 Ẹrẹ́nà 1971. Ìlú Gorky, Rọ́ṣíà

Moscow ti fèsì. Ìgbìmọ̀ ń bọ̀ wá fi ojú ara wọn rí ìlà tuntun náà. Èmi ni n óò jókòó ti ẹ̀rọ. Gbogbo wọn ń kí mi kú oríire.

Faddei Rodionovich ni àwọn yòókù ń pe ọ̀gá wa. Nínú ìwé tí mò ń kọ yìí, Baba Etí ni. Ìgbì tí à ń lò dà bí àdán, kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ: ó kúrú ju ti rédíò, ó gùn ju ti ìmọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ogun, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ ẹ, Baba fi àfọ́kù rédà kọ́ àtùpà tó ń tú u jáde. Àtùpà àkọ́kọ́ bẹ́ mọ́ ọn lójú. Ojú kan ló fi ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà náà.

Bí ìgbì bá bá gáàsì lára mu, gáàsì á kùn. Máíkì inú páìpù á gbọ́, pẹ́ńsùlù á fò sókè lórí bébà. Ìlà nìyẹn. Gbogbo ìlú yìí ló ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nítorí máíkì tí wọ́n fi pamọ́. Tiwa nìkan ni mo mọ ibi tó wà.

Ọjọ́bọ̀, 4

Ikọ́ dá Baba dúró sílé. Mo dán ẹ̀rọ wò fúnra mi. Ìlà ò yọ. Mo tún un ṣe. Kò yọ.

Ẹtì, 5

Kò yọ.

Ìyá Gáàsì — Zinaida Prokhorovna, tó ń rọ gáàsì sínú páìpù — ní ọwọ́ mi ni kò dáa. Ó ní gáàsì mọ ọmọ pólì yàtọ̀ sí ọmọ yunifásítì. Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó bi mí bóyá mo rántí Marlen.

Mo rántí. Marlen ló jókòó sídìí ẹ̀rọ ṣáájú mi. Ó dìde nípàdé, ó ní òun ò rí ìlà kankan. Ó ń tún rédíò ṣe báyìí ní ìlú kan tí oòrùn kì í yọ nígbà òtútù. Ó fi káàdì ránṣẹ́: ojú ọjọ́ dára.

Ajé, 8

Àyájọ́ àwọn obìnrin. Mo fún Ìyá Gáàsì ní òdòdó mìmósà. A jẹ kùkúńbà oníyọ̀. Ó gbé ife sókè, ó ní ká mu ún fún ìlà Baba. Mo mu ún. Ta ló tó kọ irú ife bẹ́ẹ̀?

Ìṣẹ́gun, 9

Baba dé. Ó jókòó tì mí. Ìlà yọ, gbọnrangandan. Ọkàn mi balẹ̀ títí di ìgbà tí mo jẹun ọ̀sán.

Ọjọ́rú, 10

Mo mọ̀ọ́mọ̀ ju kọ́kọ́rọ́ mi sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ láti mú un. Lókè, pẹ́ńsùlù ń sún mọ́ ibi tí ìlà ti ń yọ. Lábẹ́ tábìlì, orúnkún Baba bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n: kọ́, kọ́, kọ́, lára ẹsẹ̀ tábìlì. Tábìlì ló gbé páìpù. Páìpù ní etí.

Ọjọ́ pẹ́ tí ìṣirò ti sọ ibi tí ìlà yẹn yẹ kó wà fún un. Tá a bá ti dé ibẹ̀, ara rẹ̀ kì í gbà á.

Orúnkún ni ìlà wa.

Ẹtì, 12

Tí mo bá sọ ọ́, mo di Marlen. Tí mo bá dákẹ́, ìlà á yọ, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ síwèé; lọ́jọ́ kan àwọn ará òkè òkun á wá a tì, wọ́n á béèrè ẹni tó jókòó ti ẹ̀rọ. Tí ìgbìmọ̀ ò bá jẹ́ kí Baba jókòó tì mí, kò ní yọ rárá, wọ́n á ní mo bà á jẹ́ ni. Ibi tí oòrùn kì í yọ náà ni gbogbo rẹ̀ já sí.

Àìkú, 14

Mo lọ pẹja lórí odò Volga tó dì. Yìnyín ń ké lábẹ́ mi. Mo fẹ́ sọ fún ẹnì kan. Mo sọ fún ihò tí mo gbẹ́. Ẹja ò jẹ.

Ìṣẹ́gun, 16

Mo lọ bá Baba. Mo ní, Faddei Rodionovich, ẹ jọ̀ọ́, tábìlì yìí. Ó ní kí ló ṣe tábìlì. Mo ní tábìlì tó dáa ni. Ó dúpẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 18

Wọ́n dé. Mẹ́ta ni wọ́n. Ọ̀kan ò sọ orúkọ rẹ̀. Màmá àgbà tó jẹ́ olórí wọn ní kí gbogbo ènìyàn bọ́ sẹ́yìn ògiri gíláàsì, títí kan Baba. Ó ku èmi nìkan.

Pẹ́ńsùlù ń lọ. Bébà mọ́ tónítóní. Ó ń sún mọ́ ibẹ̀. Mo rántí káàdì Marlen. Ojú ọjọ́ dára.

Ìlà yọ. Kò tíì ga tó bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Kò yé mi. Mo wo ìsàlẹ̀. Orúnkún mi ń lu ẹsẹ̀ tábìlì bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn.

Baba wọlé, ó dì mọ́ mi. Ojú rẹ̀ kan ṣoṣo wà lára ẹsẹ̀ mi. Ó fẹnu kàn mí létí, ibi tí máíkì ò lè dé.

"Orúnkún ọ̀tún ni tìẹ, Kesha. Ti òsì ni tèmi."

Ẹtì, 19

Ìwé ti lọ sí Moscow. Orúkọ mi tẹ̀ lé ti Baba. Orúnkún yìí ò tíì dúró.