Èbù Iṣu Tí Mo Fi Bá Lájídé Jà

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Ọ̀nà Iyamoye,
                                        Kàbà.
                                        Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Àbúrò mi Lájídé,

Ó ti lé lọ́dún kan tó ti yẹ kí n sọ ọ́: lẹ́tà tí o fi rán awakọ̀ sí Delight ọmọ mi, pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ ní Ìlọrin kó lè kọ́ físíìsì, ó dé. Èmi ni mo gbà á, èmi ni mo fi pamọ́. Ọmọ náà rò pé o gbàgbé òun ni.

Okun o, bí a ti ń kíra nílé. Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara le níbí, ṣùgbọ́n inú ń bí mi sí ọ, n kò ní fi ìyẹn bò.

O rántí ọjọ́ tí o sọ fún wa pé horo ìmọ́lẹ̀ méjì tó ti orísun kan wá, bí ọ̀kan tilẹ̀ wà ní Kàbà tí èkejì wà ní Sókótó, ìbéèrè kan náà tí a bá fi ẹ̀rọ bi wọ́n, ìdáhùn kan náà ni wọ́n á fún wa. Mo ní kí ló ṣe tuntun níbẹ̀? Bí mo bá gé iṣu kan sí èbù méjì, tí mo gbin ọ̀kan sí Iyamoye, ọ̀kan sí Iffe, ẹni tó wa ti Iyamoye ti mọ irú ti Iffe. O rẹ́rìn-ín. O ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí iṣu máa jẹ́ iṣu." Delight náà rẹ́rìn-ín. Nítorí ẹ̀rín yẹn ni mo ṣe ń sọ fún gbogbo ilé pé òpùrọ́ ni ọ́.

Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo kàwé mọ, bóyá ni mo tilẹ̀ lóye tán, ṣùgbọ́n mo ṣe ìṣirò tí o fi sílẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá ni ìdáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó ti wù kí n kọ ìdáhùn sára èbù, méjì nínú mẹ́ta á bára mu. Nítorí náà, bí ìbéèrè tí a bi èbù méjèèjì bá tilẹ̀ yàtọ̀ síra, ó kéré tán, ìdáhùn wọn á bára mu lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́ta. Ti ìmọ́lẹ̀, o ní ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin ni wọ́n rí. Mo tún un ṣe títí, iṣu mi kò dúró.

Ṣùgbọ́n má gbéra ga. Mo bi ọ́ pé ṣé wọn kò gbé ìdáhùn kankan wá láti ilé ni, àbí ti Kàbà ló ń yí ti Sókótó padà lójú ẹsẹ̀. O ní àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ṣì ń jà lé e lórí. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì mọ̀, kí lẹ wá ń fi mí rẹ́rìn-ín sí?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Delight sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Bàbá ló jàre. Irọ́ ni Bọ̀ọ̀dá Lájídé ń pa." Mo gbọ́. Ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún iṣu tó ní igba lòun gbìn, mo ti jẹ tòótọ́ tán, ó ku tirọ́. Gbígba fọ́ọ̀mù yunifásítì á sì parí lóṣù yìí. Bí o bá fẹ́ bínú, èmi ni kí o bínú sí, ọmọ kọ́.

Kí Ayọ̀kẹ́mi ìyàwó rẹ fún mi. Lọ́la, n ó gun ọ̀kadà lọ sí Iffe níbi tí Delight ti ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, n ó fi lẹ́tà rẹ lé e lọ́wọ́, n ó sì fẹnu ara mi sọ fún un pé èmi ni òpùrọ́.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò tíì dárí ẹ̀rín yẹn jì ọ́,
Ọláníran.