Igi Tí A Yọ Lára Ògiri

Ìsàlẹ̀ Òsì, Ìbàdàn.

Muhydeen ọmọ mi,

Pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn ni mo fi ń fi tó ọ létí pé àkùkọ wa kò yan mọ́. Láti ọjọ́ Sátidé ni. Ó ń jẹ, ó ń kọ, ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ kọjá níwájú àwọn adìyẹ, ńṣe ló ń rọra rìn bí ẹni tó jẹ gbèsè. Jókòó kí o tó ka èyí tó kù.

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé afárá tí ẹ ń kọ́ ní Àbújá ń lọ déédéé? Ohun tí ẹ bá gbé ró, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kó wó. Ìyá rẹ ń kí ọ. Karimat àbúrò rẹ náà ń kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bá mi sọ̀rọ̀.

O rántí igi tí o ní kí káfíńtà tó wà ní Bẹẹrẹ fi ti ògiri yàrá ìyá mi, tí o ní ká má yọ títí o fi máa wá tún ògiri náà mọ. A kò fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n àwọn àna Karimat ní àwọn ń bọ̀ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, mo wo igi yẹn, ojú tì mí. Ìwọ náà mọ àdúgbò wa, ilé tó bá fara ti igi, wọ́n á ní baba ilé kò lọ́mọ tó lè gbé e ró. Èmi tí mo bí ẹnjiníà!

Mo kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ. Ìyẹn ni ọjọ́ tí a jọ ń rí ara wa lórí fóònù. Mo fi ògiri náà hàn ọ́, ṣùgbọ́n ó dagun díẹ̀ nínú fóònù, mo bá yí fóònù díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí ògiri fi dúró ṣánṣán. O ní ògiri ti tọ́, o wá béèrè ohun tó mú kí ewúrẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Mo ní ewúrẹ́ ń ṣàìsàn ni. Mo rò pé fóònù ti bá wa tún ògiri ṣe, torí pé òun náà ló yọ irorẹ́ kúrò lójú Karimat nínú àwòrán. Mo ní kí wọ́n yọ igi náà. Òun la fi dáná ìrẹsì àlejò.

Lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n wá, mo wọ agbádá, mo ń yan láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kànga, àkùkọ tẹ̀ lé mi, òun náà ń yan. Àlàájì Làmídì láti Ọ̀rányàn, bàbá ọkọ ìyàwó, jẹun tán, ó ní ìrẹsì náà jinná dáadáa, ó bá fẹ̀yìn ti ògiri. Ògiri bá a lọ.

Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, inú yàrá ló wó sí, kò wó lu ẹnikẹ́ni. Àlàájì dìde nínú eruku, ó gbọn fìlà, ó ní òun ti ń gbọ́ pé ará Ìsàlẹ̀ Òsì máa ń gba àlejò tọwọ́tẹsẹ̀, òun kò mọ̀ pé wọ́n ń fi ògiri kún un. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àfi Karimat.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, Àlàájì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní igi ló ti ògiri ẹ̀yìn ilé tiwọn náà, pé àwọn ti ń gbèrò àtiyọ ọ́ nítorí ọjọ́ tí àwa máa wá. Ó ní ká ní òun bá igi tiwa níbẹ̀ ni, òun ì bá mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ẹni òun lòun dé. Wọ́n ṣì ń fẹ́ Karimat o. Wọn kò ní yọ igi wọn mọ́. Èmi nìkan ni mo yọ tèmi.

Muhydeen, ògiri yẹn ni o dì mú nígbà tí o ń kọ́ ìrìn. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ kékeré wà lára amọ̀ ibẹ̀, ìyá mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rẹ́ ẹ títí tó fi kú. Mo ti wá a nínú òkìtì amọ̀ náà. N kò rí i.

Bí agbára rẹ bá ká a, fi owó sìmẹ́ńtì ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé owó mọ́tò rẹ ni sìmẹ́ńtì máa gbé mì, fi sìmẹ́ńtì sílẹ̀, kí o wọ mọ́tò wá. Ẹsẹ̀ tí o fi lọ ni Ọlọ́run á fi mú ọ bọ̀. Ẹni tí o bá fẹ̀yìn tì kò ní yẹ̀ lẹ́yìn rẹ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àkíbù.

Kí orúkọ rẹ má baà bàjẹ́ ládùúgbò, mo ti ní kí wọ́n kọ èyí sórí pákó, mo gbé e kọ́ sára ògiri tó kù:

ÌKÉDE PÀTÀKÌ
A fi àsìkò yìí sọ fún tarúgbó tọmọdé pé ilé ẹnjiníà ni ilé yìí. Ó dúró gbọn-in, kò sí ewu kankan níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fẹ̀yìn tì í.