Búrẹ́dì Sàlámátù

Ìyá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú àbójútó gbogbo wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Libreville níbí, bí ẹ kò tilẹ̀ rí orúnkún mi. Mo kí Bàbá lórí àga wọn lẹ́nu ọ̀nà. Mo kí Ràímì àbúrò mi, mo kí àwọn ọmọ, mo kí gbogbo ará ilé wa ní Manigri àti àwọn ẹbí tó wà ní Bassila. Mo kí Sàlámátù, ìyàwó Ràímì, tó ń ka ìwé yìí fún yín báyìí. Mo mọ̀ pé òun ni, torí pé nínú gbogbo ilé, òun nìkan ló lè ka Yorùbá láìkọsẹ̀. Sàlámátù, mo bẹ̀ ọ́, bí mo ṣe kọ ọ́ ni kí o kà á. Má fo ibì kankan, pàápàá ibi tí mo ti ń bínú sí ọ.

Ẹ ó ní kí ló dé tí n kò fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù bí mo ṣe máa ń ṣe. Ìyá mi, bí mo bá la ẹnu, ẹkún ni ẹ ó gbọ́, ẹ kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀. Mo sì fẹ́ kí gbogbo ilé pé jọ gbọ́ ọ, torí pé ìṣojú gbogbo ilé ni ẹ ti yin ẹni tí ẹ yìn.

Òjò ibí kì í sinmi. Ẹ̀ẹ̀rùn tiwa, tí kajú fi ń pọ́n, tí ọ̀nà fi ń ru eruku pupa, n kò rí irú rẹ̀ níbí. Aṣọ tí mo sá a máa rùn kí ó tó gbẹ. Iṣẹ́ mi kò yí padà: mo ṣì ń dáná fún ìdílé ọlọ́mọ púpọ̀ tí mo sọ fún yín. Nígbà tí nǹkan le fún bàbá ilé, màdáámù pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní kí n wá oúnjẹ àárọ̀ tí gbogbo ọmọ yóò jẹ yó kí wọ́n tó lọ sí ilé ìwé, tí kò sì ní gbé owó ọjà lọ.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì inú ààrò. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ kí ẹ lè mọ̀ pé orí mi ló ti wá. Búrẹ́dì àná tó ti ń le ni mo là sí méjì, mo tò ó sínú páànù, ó fún mọ́ra. Mo po ẹyin mọ́ wàrà inú agolo, àlùbọ́sà, tòmátì, ata àti sàdíìnì díẹ̀. Mo dà á sí àárín, mo fi ìlàjì òkè bò ó, mo wọ́n fòrómáàsì díẹ̀, wàrà líle àwọn òyìnbó tó máa ń yọ́, sí i lórí, mo tì í sínú ààrò. Bí a bá dín ẹyin, ọmọ kan á jẹ méjì, ojú rẹ̀ á tún máa wá ẹ̀kẹta. Ṣùgbọ́n nínú páànù yìí, ẹyin díẹ̀ á kárí gbogbo wọn, búrẹ́dì tó le á mu omi ẹyin, á rọ̀. Òróró tí a fi pa ìdí páànù nìkan ni a ó lò. Àwọn ọmọ ilé náà jẹ ẹ́, wọ́n lá ọwọ́.

Bí mo ti ń wo ẹnu wọn, àwọn ọmọ ilé wa ni mo ń rò. Mo wá kọ́ Sàlámátù lórí fóònù. Mo ní bí fòrómáàsì orí rẹ̀ bá ti yọ́, kí ó gbé e jáde, ó ti jinná. Níbo ni yóò ti rí fòrómáàsì ní Manigri? Wàgàsì, wàrà líle tiwa, ló rà lọ́wọ́ àwọn ìyá Fúlàní. Ó gbé páànù lọ sí ààrò bàbá oníbúrẹ́dì tó wà létí títì, ní àárọ̀ tí búrẹ́dì bàbá ti jáde tí ooru ṣì wà nínú ààrò, kí ó má baà ra igi ìdáná. Ó wá dúró síbẹ̀, ó ń retí kí wàgàsì yọ́. Wàgàsì! Èyí tí gbogbo wa ń dín, tí a ń sè láti kékeré, tí iná kankan kò yọ́ rí! Ó dúró títí búrẹ́dì fi di èédú.

Nígbà tí Ràímì sọ ọ́ fún mi, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi gbẹ nínú ìkòkò tó wà lórí iná. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi dùn. Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀, wọn yóò mọ̀ pé ilé ṣì nílò mi.

Ayọ̀ mi kò pẹ́. Sàlámátù kò jókòó sunkún. Ó rún wàgàsì wẹ́wẹ́, ó pò ó mọ́ ẹyin, ó gún iṣu tó ṣẹ́kù lálẹ́ àná díẹ̀, ó fi kún un kí ẹyin lè tó gbogbo ẹnu. Àwọn ọmọ gbé e lọ sí oko kajú. Àlejò kan láti Doguè tọ́ ọ wò, ó béèrè òmíràn. Kò pẹ́, àwọn awakọ̀ tó ń dúró létí títì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní búrẹ́dì Sàlámátù. Ta ló kọ́ ọ? Èmi. Ta ni wọ́n ń kí? Òun. Ẹ̀yin fúnra yín, Ìyá mi, ẹ ní tirẹ̀ dùn ju èyí tí mo ṣàpèjúwe lọ. Ẹ kò tíì tọ́ tèmi wò rí!

Wọ́n ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Ẹ wá wò mí níbí, egungun nìkan ló kù. Mo gbìyànjú láti ṣe é bí ó ṣe ń ṣe é. N kò rí wàgàsì. Iṣu tí mo rí rà ti pẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, ó ń dán lójú, kò ládùn lẹ́nu. Àwọn ọmọ ilé tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo dúró jẹ ẹ́ tán nínú ilé ìdáná, òjò ń rọ̀ lórí páànù òrùlé, mo sì ń bú Sàlámátù ní gbogbo òkèlè.

Àmọ́ kì í ṣe búrẹ́dì ló dùn mí jù, Ìyá mi. Ẹ rántí ọjọ́ tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ẹ ní tiyín ni Sàlámátù kọ́kọ́ ń gbé jáde, ní gbígbóná, tí ó sì ń bó èèpo rẹ̀ tó le nítorí eyín yín. Èmi ni mo máa ń bó èèpo búrẹ́dì fún yín. Ẹ wá ní kí n fi àwọn páànù mi ránṣẹ́ sí i, torí pé tirẹ̀ kò tó mọ́. Páànù tí mo ń rà pamọ́ díẹ̀díẹ̀, tí mo sọ fún yín pé nígbà tí mo bá padà sílé, èmi náà á tẹ́ tábìlì létí títì, n kò ní dáná fún ẹlòmíràn mọ́! Ẹ wá bi mí bóyá òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ mi, Sàlámátù sì ni ẹ pè mí. Ẹ kò mọ̀ pé ẹ pè mí bẹ́ẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, òjò ń rọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jowú. Mo ń jowú ẹni tó ń gbọ́ ikọ́ yín láàárọ̀, tó mọ ọjọ́ tí orúnkún ń dùn yín. Bí mo bá pẹ́ níbí jù, mo ń bẹ̀rù pé ọmọ mìíràn ti jókòó sí àyè mi.

Mo kó àwọn páànù náà fún ìyá kan láti Alédjo tó ń padà sílé. Mo gbà wọ́n padà, mo ní mo fẹ́ fọ̀ wọ́n. Mo tún kó wọn fún un. Wọ́n ti wà lójú ọ̀nà báyìí. Sàlámátù, fi òróró pa igun wọn dáadáa, ibẹ̀ ló máa ń lẹ̀. Bí mo bá dé, sún fún mi nídìí tábìlì.

Kí Ọlọ́run fi ẹ̀mí gígùn fún yín, Ìyá mi. Kí iṣu ta, kí kajú so, kí àwọn ọmọ má mọ ebi àárọ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ẹni tó bá béèrè mi, àti ẹni tí kò béèrè.

Sàlámátù, dúró níbí. Ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, Adúmáadán ni o máa ń pè mí, n kò sì ní jẹ́ kí o ṣẹ̀. Nítorí náà n kò kọ orúkọ mi sísàlẹ̀. Gbé fóònù náà sún mọ́ ẹnu Ìyá, kí Ràímì gba ohùn wọn sílẹ̀ fún mi. Ìyá mi, ẹ pe orúkọ mi, kí n gbọ́.

Ọmọ yín,