Rúsúrúsú Tí Mo Kọ Sára Ògiri

Ẹ kú ilé o, Màámi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Mánṣẹ́sítà, níbi tí òtútù ti mú orúnkún mi kí n tó kàn án mọ́lẹ̀. Mo kí Bàbá, mo kí Àǹtí Sìdí, ẹ̀gbọ́n mi, ní Òkè Bọ́lá, mo kí gbogbo agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ẹ ní kí n má fi orúkọ yín sínú lẹ́tà tí gbogbo ayé máa kà. Mi ò fi sí i. Mo gbé e síta nítorí pé kì í ṣe ìyá tèmi nìkan ló ń gbálẹ̀ ilé ìwòsàn.

Abẹ́rẹ́ gún yín lọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn kékeré yẹn ní Bẹyẹrúnká. Nọ́ọ̀sì tó ju abẹ́rẹ́ sínú ọ̀rá mọ̀. Mátíróònù mọ̀, ó ní kí ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, pé abẹ́rẹ́ télọ̀ náà ń gún èèyàn. Dókítà tó ni ibẹ̀ mọ̀. Ó ní àwọn máa ṣèpàdé lé e lórí. Ìpàdé ọ̀hún ni wọ́n ṣì ń múra sílẹ̀ fún. Ẹ̀yin náà mọ̀, ẹ sì fi pamọ́ fún mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹnu Àǹtí Sìdí tí kì í gba ọ̀rọ̀ dúró ni mo ti gbọ́. Oògùn kan wà tó ń dènà àrùn éèdì fún ẹni tí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò fún aláìsàn bá gún, àmọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn ti lọ.

Mo fi ara mi sẹ́yìn nínú àwọn tó mọ̀. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo kọ ìwé tó wà lára ògiri níbẹ̀.

Iṣẹ́ mi níbí ni kí n máa ṣètò àwọn tó ń tọ́jú ìmọ́tótó ilé ìwòsàn. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan pàǹtí kankan títí yóò fi fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é lójú mi. Ẹ sì rán mi lọ kọ́ nípa ìṣètò okòwò, níbi tí wọ́n ti sọ fún wa pé ìlànà tí kò bá yé ẹni tó máa lò ó, kò tíì di ìlànà. Mo mọ gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Mátíróònù ní kí n bá àwọn kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lórí fídíò, mo wò ó pé ẹ̀kọ́ á pẹ́, ìwé á yá. Mo kọ ọ́ ní Yorùbá tó gún régé, bí ẹni tó ń ṣèdánwò, mo fi ránṣẹ́ kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: ohun tó ní ẹ̀jẹ̀, inú pupa; abẹ́rẹ́, inú pupa rúsúrúsú.

Ta ló ń sọ rúsúrúsú ní Bẹẹrẹ? Yẹ́lò là ń sọ. Ẹ̀yin gan-an pè mí pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ máa rí i. Mo wá gbọ́ pé àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹnìkan ní pupa tó ti ń kú lọ ni. Ẹlòmíì ní bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe ni. Àwọn ọ̀rá pupa tí wọ́n rà ní Ọjà'ba sì ti pẹ́ nínú oòrùn, wọ́n ti ṣá. Nọ́ọ̀sì mú ọ̀kan, ó ní rúsúrúsú rèé, ó da abẹ́rẹ́ sí i. Páálí yẹ́lò tó nípọn, tí wọ́n dìídì ṣe fún abẹ́rẹ́, wà lábẹ́ tábìlì; káàdì aláìsàn ni wọ́n ń kó sí i. Ẹ̀yin lẹ di ẹnu ọ̀rá, ẹ gbé e mọ́ra. Ẹ má bínú sí nọ́ọ̀sì yẹn. Ohun tí ìwé mi wí ló ṣe.

Láti ìgbà náà, bí mo bá wọ yàrá, tí òjò ibí tí kì í dá ń rọ̀, tí kò sẹ́ni tí mo lè bá sọ ọ́, ọwọ́ yín ni mò ń rí. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò rí nǹkan kan, alhamdulillah. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ẹ padà wá tó bá pé oṣù mẹ́ta. Ó pé lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ wá sọ fún Àǹtí Sìdí pé ẹni tí Ọlọ́run ti dá láre kì í padà sí kóòtù. Mo rẹ́rìn-ín, mi ò gbà.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí, kì í sì í ṣe ìgbà tí ẹ bá ráyè. Ní Ọjọ́bọ̀, Àǹtí Sìdí máa wá mú yín, kí ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò kejì. Ẹ̀yin Mátíróònù, mo mọ̀ pé ẹ máa ka èyí: kí oòrùn Ọjọ́bọ̀ kan náà tó wọ̀, ẹ pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, dókítà, nọ́ọ̀sì, agbálẹ̀, títí dé orí ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Ẹ gbé páálí àti ọ̀rá síwájú wọn, kí oníkálukú fọwọ́ ara rẹ̀ ju nǹkan síbi tó yẹ. Èmi á wà lórí fídíò. Bí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan kí wọ́n tó kírun Jímọ̀, dókítà ni mo máa pè, mi ò sì ní yéé pè é. Kí ẹ̀kọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀, Màámi, ẹ fi ọwọ́ tí abẹ́rẹ́ gún yẹn bá mi ya ìwé mi kúrò lára ògiri.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, á fi àlàáfíà sínú ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ kí ará ilé, ẹ kí nọ́ọ̀sì yẹn náà. Tí ẹ bá ti ṣe àyẹ̀wò tán, ẹ pè mí. Bó jẹ́ ẹnu iṣẹ́ ni mo wà, màá gbé e.

Èmi ọmọ yín, tó yẹ kó dáhùn nígbà tí ẹ bèèrè,
Ràṣídátù