Orin Jẹ́jẹ́ Àwọn Aláriwo

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́.

Mo jágbe mọ́ Bísí ọmọ mi láàárọ̀ yìí ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wa lọ́jà Ọ̀chánjá nílẹ̀ Ìgbò níbí, níwájú oníbàárà, débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Orin àwọn onígìtá aláriwo tó fẹ́ràn ló fà á. Ẹsẹ̀ mi ń bá wọn sáré lórí maṣíìnì, mo sì rán apá ọ̀tún búláòsì sí òsì.

Ibi tí mo ti ń tú u ni orin mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ nínú fóònù rẹ̀. Gìtá kan ṣoṣo ni, ọkùnrin kan sì ń kọrin bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán. Mo bi í pé ta nìyẹn.

"Àwọn aláriwo tẹ́ ẹ ń bú yẹn náà ni, Mọ́mì."

Kí ló wá ń wí? Yorùbá ọmọ yìí kò gbé e, ló bá fi Ìgbò ṣàlàyé: ọkùnrin náà ń sọ pé "ndo" fún ẹni tí òun ti jágbe mọ́, ó ń bẹ̀ ẹ́.

Mo ní kó tún un gbé sí i. Ẹsẹ̀ mi ń bá a lọ wẹ́rẹ́, apá búláòsì sì gún.

"Má bínú" kò lè jáde lẹ́nu mi lédè Yorùbá fún ọmọ tí mo bí. Ìyá mi ò sọ ọ́ fún mi rí.

Mo ní, "Bísí, ndo."