Oòrùn Kò Tó Yín Lára

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Inú ń bí mi, ẹ má bínú, ẹ̀yin náà ni mo lè finú hàn.

Bọ́lá, àbíkẹ́yìn yín, ti gba iṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú arúgbó ní Old Trafford, ibẹ̀ gan-an tí kòrónà ti mú yín. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀. Mo bá a jà títí, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ó kàn ń wò mí bí ẹ ṣe máa ń wò mí nígbà tí ọ̀rọ̀ mi bá ti sú yín.

Ta ló rán yín níṣẹ́ nígbà yẹn? Púpọ̀ nínú àwọn òyìnbó tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ jókòó sílé. Ẹ̀yin àti àwọn àlejò bíi yín lẹ wà nínú yàrá àwọn tó ń wúkọ́, ìbòmú kan ṣoṣo láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹni tí visa rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀gá, báwo ni yóò ṣe kọ̀? Ṣùgbọ́n ìwé ìgbélùú tiyín pé, Ìyá mi! Ẹ kàn gbà pé àgbàlagbà kò gbọdọ̀ dá jẹun ni. Ẹ jókòó ti bàbá arúgbó kan, ẹ ń fi ṣíbí bọ́ ọ bí ẹni pé bàbá yín ní Òṣogbo ni. Ọmọ tirẹ̀ wà níta, ó ń juwọ́ láti ojú fèrèsé.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ tán, àwọn ọ̀mọ̀wé bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń wádìí ohun tó fà á tí àwa dúdú fi ń kú jù. Wọ́n ní bóyá oòrùn ni kò tó wa lára, pé vitamin D tí oòrùn ń fúnni ló dín lára wa. Ẹ gbọ́ nǹkan! Ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì kí ilẹ̀ tó mọ́, tó ń padà sí Rusholme nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú, níbo ló ti fẹ́ rí oòrùn Manchester? Kí wọ́n lọ bi ẹni tó ń pín iṣẹ́ léèrè. Nígbà tí ẹ ṣì wà, wọ́n ń jáde sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìtọ́jú. Àtẹ́wọ́ kò bo imú ẹnikẹ́ni.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ẹ bọ́ bàbá ẹlòmíràn títí ó fi dákẹ́, àmọ́ nígbà tó kàn yín, wọn ò jẹ́ kí n wọ ọsibítù. Inú fóònù nọ́ọ̀sì ni mo ti rí yín. Ta ló fi omi kàn yín lẹ́nu? Ṣé ẹ pè mí?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ sí Bọ́lá lójú àlá kó tó di ọjọ́ Ajé. Ẹ sọ fún un pé kò sí àbùkù nínú kí ọmọ tó gbẹ̀kọ́ sọ pé òun ò wọ yàrá kankan láìsí ìbòmú. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ ọ́, torí kò sẹ́ni tó kọ́ wa bí a ṣe ń kọ̀ fún àgbà nílé yín. Kí ẹ̀yin náà sì jókòó jẹ́ẹ́ níbi tẹ́ ẹ wà. Ẹ má bá wọn gba shift lọ́run o.

Èmi tí inú ń bí, tó sì fẹ́ràn yín dọ́ba,
Àkọ́bí yín